Àwọn Àlejò Tó Jókòó Sínú Awọ Ara Mi

Ìyá tàbí bàbá tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ohun tó wà lára ọmọ rẹ̀ kì í ṣe làpálàpá, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí létí. Ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn tó jókòó lẹ́yìn rẹ ni wọ́n ń bá wí. Èmi ni ọmọ tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ nígbà kan, mo sì ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Kọ́kọ́ fi ìyẹn sọ́kàn, torí àwọn ibì kan wà níwájú tí yóò bà ọ́ lẹ́rù. Ó ba èmi náà lẹ́rù.

Mojísọ́lá ni orúkọ mi. Ẹ̀ṣíẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Bàbá mi ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa. Ìyá mi ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, ló ń wẹ̀ mí, ló ń bọ́ mi, ló sì ń nà mí. Yèyé ti dàgbà dáadáa kí ilẹ̀ yìí tó gba òmìnira, èmi sì dé lẹ́yìn tí Kúwárà ti di ìpínlẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ Kúwárà yìí! Ìjọba fún yín ní ìpínlẹ̀, wọn ò fún yín ní làákàyè." Èmi náà á ní kí ó lọ bá mi gba tèmi wá ní Ìlọrin, á sì lé mi yí àgbàlá ká.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀ṣíẹ́ á mọ àwọn ère wa, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n fi òkúta ṣe, tí àwọn baba wa bá nínú igbó tí wọ́n jókòó. Àwọn àgbà ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àlejò ni wọ́n, wọ́n jókòó sábẹ́ igi láti dúró de ẹnì kan, ibi tí wọ́n ti ń dúró ni wọ́n ti di òkúta. Bàbá mi máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Ṣùgbọ́n Yèyé ní bó ṣe máa ń sọ ọ́ tirẹ̀, nígbà tó bá ń bó ẹ̀gẹ́, láìgbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n dòkúta. Awọ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣá ní ibì kan, wọn ò kà á sí, torí kò dùn wọ́n."

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ wa kó wa lọ wo àwọn ère náà. Oòrùn mú, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ìbàdí òsì ti ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin ni, ó ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Òkúta náà tutù, ara sì tù mí débi pé oorun fẹ́ máa gbé mi lọ. Olùkọ́ kígbe pé kí n dìde níbẹ̀, mo dìde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì rántí rẹ̀ mọ́ nígbà tí a délé.

Àkókò òjò ni Yèyé rí i. Ó ń wẹ̀ mí lẹ́yìn ilé, ó dé ìbàdí mi, kànìnkànìn ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú ibẹ̀ kò ju kọ́bọ̀ lọ. Kò funfun bí ẹfun, ó kàn ṣá ni, bíi pé ẹnì kan fi omi fọ àwọ̀ ara mi kúrò níbẹ̀. Kò dùn mí, kò yún mi. Yèyé fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ wo lo fi ti ère yẹn lọ́jọ́ tí ẹ lọ?"

Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì hàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fara ti òkúta rí. Ó ń wẹ̀ mí lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ó ti wà ní itan mi, ní ìdí mi, ní ikùn, ó sì ti ń gun ẹ̀yìn mi bọ̀. Òmíràn gbẹ díẹ̀, òmíràn a máa yún mi nígbà tí mo bá làágùn. Ìyá mi ní làpálàpá ni, ó ra òògùn ìpara lọ́dọ̀ oníkẹ́místì. Wọ́n fi ewé asunwọ̀n ra á, kò lọ. Àwọn alàgbà ìjọ gbàdúrà lé mi lórí. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé Èkó wálé fún ìsìnkú kan, ó mú ọṣẹ kan wá tó bó mi lára bí ìgbà tí wọ́n bá da omi gbígbóná sí adìyẹ, àmì náà sì tún jáde lábẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ. Ó sún mọ́ Yèyé, ó ní, "Yèyé, ṣé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ báyìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba ilé wa jẹ́. Nígbà èwe Yèyé, wọ́n a máa mú àwọn tó bá ní ẹ̀tẹ̀ kúrò nílùú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì wà nínú àwọn tí wọ́n mú lọ tí kò padà. Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ osùn. Ó ń pò ó mọ́ àdín, ó sì ń fi kùn mí láràárọ̀ láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, títí ara mi á fi pọ́n rokoṣo tí kò ní sí àmì kankan lójú. Ó ní, "Ọmọ mi ò ní máa rìn nígboro kí wọ́n máa nàka sí i." Bí a bá fẹ́ rìnrìn àjò, ìlọ́po méjì ló máa ń kùn.

Ilé ìwòsàn sì jẹ́ ìrìn àjò. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ níbí yìí, ẹ̀yin òbí, torí ọpọ́n ń sún lọ lọ́dọ̀ wa, a ò mọ̀. A máa ń dé Ọ̀mù-Àrán ní ìdájí, a óò gba káàdì, a óò jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ tó ń wúkọ́ àti àwọn aboyún, oòrùn á gòkè kí wọ́n tó pè wá. Nígbà tí a bá wọlé, ọmọ tó pọ́n, tó ń dán, tó ń ta sánsán ni wọ́n ń gbé síwájú dókítà. Ìyá mi á tọ́ka síbi tó ti rí i. Dókítà á fi ìka ra á, á rí díẹ̀, á kọ òògùn làpálàpá. Lẹ́ẹ̀kan ó tiẹ̀ yìn mí, ó ní ara mi dára. Mi ò bá a wí o. Ta ló lè ka ìwé tí wọ́n ti fi aṣọ bò?

Ìyá mi gan-an kò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Yèyé ló ń wẹ̀ mí, òun nìkan ló ń rí mi níhòòhò, ó sì gbé ohun tó rí sínú.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Wọn ò di ọwọ́ mi mú mọ́ lórí ìlà. Wọ́n a máa wò mí lójú láti mọ̀ bóyá mo ṣẹ́jú. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ kan apá mi lọ́jọ́ kan, ó sáré padà lọ bá àwọn yòókù, ó ní, "Ó tutù. Ó tutù lóòótọ́." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán ara mi wò. Mo máa ń fi igi ìgbálẹ̀ gún àwọn ojú ibi tó ṣá náà láti mọ̀ bóyá mo ṣì ń gbọ́ ọ lára. Láràárọ̀, kí n tó la ojú, mo máa ń kọ́kọ́ mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jókòó lẹ́yìn ilé, mò ń wo àwọn adìyẹ. Mi ò sùn. Alángbá kan ti ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, ó gun ẹsẹ̀ mi, ó gun itan mi, ó dúró síbẹ̀, ó ń mi orí. Ó dà bíi pé mo lè lé e, ṣùgbọ́n mi ò lé e. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Igbá já bọ́ lọ́wọ́ Yèyé lẹ́nu ọ̀nà, alángbá náà sì sá. Nígbà tí mo yíjú sí Yèyé, ó ń wò mí bí ẹni tí ń wo àjèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ìyá mi. Ó ní, "Ìyá Mojí, ọmọ yìí ń lọ."

Ìyá mi ní, "Níbo ló ń lọ, Yèyé?"

Bàbá mi ló fòpin sí i, ó ní ọ̀la ni kí ìyá mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin, kí Yèyé náà bá wa lọ kó lè fọkàn balẹ̀. Yèyé gbà. Ó jí ní kùtùkùtù, ó sì kùn mí ní osùn bí ìyàwó tí ń lọ sílé ọkọ.

Ọkọ̀ tí a wọ̀ ní Ọ̀mù-Àrán dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, òjò sì ká wa mọ́ ibi tí a dúró sí tí a ń wá òmíràn. Kò sí igi, kò sí ilé. Òjò náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó lágbára. Obìnrin kan tí a jọ wọ ọkọ̀ yíjú wò mí, ó figbe ta, "Ẹ̀jẹ̀! Ọmọ yín ń ṣẹ̀jẹ̀!" Mo wo ilẹ̀. Omi pupa ń ṣàn láti abẹ́ aṣọ mi, ó ń gba ẹsẹ̀ mi, ó kún inú bàtà mi, ó ń ṣàn lọ sínú ẹrẹ̀. Osùn ni. Bó ṣe ń ṣàn lọ ni mò ń jáde. Apá mi jáde, ọrùn mi jáde, ẹsẹ̀ mi jáde, gbogbo rẹ̀ ṣá kanlẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Ìyá mi gbé aṣọ mi sókè, ó wo ẹ̀yìn mi. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe dúró.

Yèyé ní, "Ẹ jẹ́ ká padà. A ò lè gbé e dé iwájú dókítà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n kùn ún, ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

Ìyá mi kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn rí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìjáde rẹ̀. Ó ní, "Yèyé, ẹ dárí jì mí. Báyìí gan-an la máa gbé e lọ." Ó bọ́ aṣọ tútù kúrò lára mi, ó fi ìborùn rẹ̀ wé mi, ó sì dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró. Bí mo bá wà láàyè lónìí, lẹ́yìn Ọlọ́run, ìkúnlẹ̀ yẹn ni.

Dókítà tó rí wa ní Ìlọrin, obìnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú mi lọ síbi fèrèsé, ó ní kí n yíra padà díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó pe àwọn dókítà mìíràn, wọ́n wá wò mí. Ó fi òwú kan àwọn ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo dijú, mo sì ń sọ ibi tó kàn. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀." Yèyé sọkún. Ẹkún ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Dókítà ní, "Ṣé kò sí dókítà tó rí i báyìí rí ni?"

Ìyá mi wolẹ̀. Yèyé ló dáhùn. Ó ní, "Èmi ni mo máa ń kùn ún ní osùn."

Dókítà kò bá a jà. Ó ní òun máa gé awọ díẹ̀ lára mi kí wọ́n fi wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n gé e, wọ́n rán ojú ibẹ̀ pa. Wọ́n ní awọ tí wọ́n gé náà tún gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn kí ojú mìíràn lè wò ó. A padà sílé, a ń dúró. Ìdúró náà burú ju àìsàn lọ. Ìyá mi kì í sùn, bàbá mi ń gbààwẹ̀, Yèyé kò sì kùn mí ní osùn mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí ì bá máa ṣe ní òwúrọ̀.

Nígbà tí a padà débẹ̀, dókítà ti ilẹ̀kùn. Ó ní jẹjẹrẹ ni, irú rẹ̀ kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú awọ, tí kì í sábà mú ọmọdé. Ìyá mi di etí tábìlì mú. Dókítà rí i pé a ò gbọ́ nǹkan mọ́, ó bá wá ọ̀nà mìíràn sọ ọ́. Ó ní àwọn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń ṣọ́ ara, wọ́n dà bí ọlọ́dẹ, wọn kì í dúró lójú kan. Ó ní nínú ara mi, àwọn kan nínú wọn wá sínú awọ bí àlejò, wọ́n jókòó, wọn ò dìde mọ́.

Yèyé gbé orí sókè. "Wọ́n ṣe kí ni?"

"Wọ́n jókòó, Màmá."

"Àwọn àlejò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n sì ń pọ̀ sí i níbi tí wọ́n jókòó sí."

Kò sí ẹni tó sọ ìtàn ère wa fún obìnrin yẹn. Ọmọ ilẹ̀ ibòmíràn ni. Mo wo Yèyé, Yèyé wò mí, àwa méjèèjì sì mọ ohun tí a ń rò.

Ìyá mi béèrè bóyá mo máa kú. Dókítà ní bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n lè di kókó, kí wọ́n sì wọ inú ara lọ, ìgbà yẹn á le. Ṣùgbọ́n ó ní òkè awọ ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ń lọ́ra, ìtọ́jú sì wà. Ó mú ìgò dúdú kékeré kan jáde. Ó ní ká máa fi òróró inú rẹ̀ pa ojú àwọn àmì náà nìkan, ká dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà kí n jókòó sínú oòrùn, kí n bo ojú mi pẹ̀lú awò dúdú, kí n má sì máa mira títí àsìkò á fi pé. Ó ní oòrùn àti òróró náà ló máa lé wọn. Ó ní kò gbọ́dọ̀ sí osùn, kò gbọ́dọ̀ sí àdín, torí osùn yẹn gan-an ló ti ń dínà oòrùn.

Yèyé ní, "Kí ó jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nínú oòrùn. Kí ó má mira."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Yèyé dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dojú kọ ògiri títí a fi ṣetán.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ nílé. Yèyé ní ohun tí àwọn àlejò yẹn ṣe tí wọ́n fi dòkúta nìyẹn, wọ́n jókòó sínú oòrùn, wọn ò mira. Àbúrò bàbá mi ránṣẹ́ láti Èkó pé wòlíì kan wà. Àwọn kan ní kí wọ́n fi omi àdúrà wẹ̀ mí, àwọn kan ní kí wọ́n fi mí pamọ́. Bàbá mi, tí kì í pariwo, lu tábìlì. Ó ní iṣu inú ọgbà òun ti di òróró inú ìgò yẹn, ọmọ òun sì máa jókòó. Ṣùgbọ́n òun ń lọ sóko, ìyá mi ń lọ sílé-ìwé. Yèyé nìkan ló máa wà nílé nígbà tí oòrùn bá tó. Ọwọ́ ẹni tí kò gbà á gbọ́ ni ẹ̀mí mi bọ́ sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Yèyé gbé àpótí kan sí àárín àgbàlá. Ó fi òróró náà pa àwọn àmì ara mi. Ó fi awò sí mi lójú. Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún torí mi ò mọ ibòmíràn tí n bá gbé wọn sí. Yèyé wọlé. Mo rò pé kò fẹ́ wò mí ni. Ó tún jáde, ó gbé àpótí tirẹ̀ dání, ó gbé e ka iwájú mi, ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. A jókòó báyìí, a dojú kọra, oòrùn sì ń jó wa.

Bí àsìkò bá ti pé, á ní, "Dìde. Rìn yí ilé ká." Òun kì í dìde títí n ó fi rìn yí ilé ká tí n ó sì padà wá dúró síwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó máa na ẹsẹ̀.

Ojoojúmọ́ la ń ṣe é. Màmá Dúpẹ́, aládùúgbò wa, yọ wọ àgbàlá lọ́jọ́ kan láti wá yá ọlọ. Ó bá arúgbó kan àti ọmọdé kan tó fi awò dúdú bojú, wọ́n dojú kọra nínú oòrùn gangan, wọn ò mira, wọn ò kí i. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn kì í gba ẹ̀yìn ilé wa mọ́ lọ́sàn-án. Kódà àwọn adìyẹ yà kúrò níbẹ̀, àgbàlá náà sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú yín wọn oòrùn o. Nígbà ọyẹ́, Yèyé rò pé oòrùn ò mú, ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú itan mi ti lé ròrò. Dókítà dá wa dúró títí ó fi jinná. Òògùn tó ń woni sàn ló tún lè jóni. Ohun tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe, ẹ má bù kún un, ẹ má bù kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Mo gbójú sókè, mo rí i pé eṣinṣin kan wà ní ètè Yèyé. Kò lé e. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é. Mo dìde kí àsìkò tó pé, mo sáré lọ dì í lápá mú. Ara rẹ̀ gbóná lókè, ṣùgbọ́n abẹ́ ibi tí ìka mi wọlé sí tutù.

Ó ní, láìjẹ́ pé ètè rẹ̀ mì tó bó ṣe yẹ, "Padà lọ jókòó. Àsìkò rẹ ò tíì pé."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Yèyé, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń fi ara mi hàn wọ́n ni. Bó bá jẹ́ ẹni tí yóò bá wọn jókòó ni wọ́n ń wá, àgbà ló yẹ kó bá àlejò jókòó. Ọmọdé, ìrìn ló yẹ ẹ́. Mo ti sọ fún wọn." Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Kúwárà, o ò gbọ́n. Padà lọ jókòó."

Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni ìyá mi rí àwọn tóótòòtó dúdú láàárín àmì ìbàdí mi, bíi pé wọ́n wọ́n ata iyèré síbẹ̀. Dókítà ní àwọ̀ ara mi ló ń padà bọ̀, ibi tí irun ti ń hù ló máa ń gbà jáde. Wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra, ẹ̀yìn mi dúdú, ikùn mi dúdú. Ìyá mi jó láàárín ilé ìwòsàn, kò tijú ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún gé awọ mi wò, wọ́n ní àwọn tó jókòó ti ń dìde lọ.

Àkókò yẹn náà ni orúnkún Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í le. Lákọ̀ọ́kọ́, a máa ń fà á dìde. Nígbà tó yá, kò ṣeé fà mọ́. A gbé e lọ bá dókítà, wọ́n ní ọjọ́ orí ni, wọ́n ní oríkèé ló ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo gbà bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n Yèyé kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn ń béèrè lọ́wọ́ mi nígbà gbogbo tí mo bá ti ilé-ìwé girama dé ni, "Ṣé o rìn dáadáa lónìí?" Orí àpótí rẹ̀ nínú àgbàlá ló kú sí, lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Àwọn obìnrin tó tọ́jú òkú rẹ̀ kò tètè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà. Mo sunkún débi pé ohùn mi lọ, mo sì fẹ́ kí ó lé mi yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀kan sí i.

Báyìí ni mo ṣe wà lónìí. Mò ń kọ́ni nílùú wa. Mo bí ọmọ méjì, èmi fúnra mi ló ń wẹ̀ wọ́n, ojúmọmọ ni mo sì ti ń wẹ̀ wọ́n kí n lè rí wọn. Mo ṣì ń lọ sí Ìlọrin déédéé. Dókítà wa ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń wò mí. Àmì ìbàdí mi kò lọ tán. Ó kù bíi kọ́bọ̀, bó ṣe wà nígbà tí Yèyé kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan, ká kàn máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí mo bá kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo àwọn ère, mo máa ń wá obìnrin tó ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́ tí mo fara tì. Mo ti wá a káàkiri ibẹ̀, mi ò rí ẹni tó jọ ọ́ mọ́.

Ìwọ tí ọmọ rẹ ń ṣàìsàn yìí, bí àmì tó ṣá bá kọ òògùn làpálàpá, má bò ó. Gbé ọmọ náà lọ bó ṣe rí. Jẹ́ kí wọ́n rí i níhòòhò nínú ìmọ́lẹ̀, sọ pé kí wọ́n gé awọ rẹ̀ wò. A rí ti àìsàn ṣe, bí a bá jẹ́ kí wọ́n rí àìsàn náà. Bí àgbà ilé rẹ bá sì ń bẹ̀rù, má lé e sẹ́yìn. Ìfẹ́ ló fi ń lọ osùn.

Àpótí méjèèjì ṣì wà nínú àgbàlá. Kò sí ẹni tó ń jókòó sórí ti Yèyé, adìyẹ kì í sì í bà lé e. Nígbà tí iṣẹ́ bá dá lọ́sàn-án, mo máa ń lọ jókòó sórí tèmi, mo máa ń dojú kọ ọ́. Oòrùn a máa mú, gbogbo nǹkan a dákẹ́, ọwọ́ mi a sì lọ gbé ara rẹ̀ lé orúnkún mi. Lẹ́yìn náà, bí àsìkò bá ti pé, mo máa ń dìde, mo máa ń rìn yí ilé ká, mo sì máa ń padà wá dúró síwájú àpótí rẹ̀ kí ó lè rí i pé mo rìn.